Ilé Adìẹ Tí Ó Di Ọkọ̀ Ogun

Ní erékùṣù Lewis, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Scotland, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í ti í jẹ́ kí igi rójú dàgbà, àwọn adìẹ kan wà nígbà kan rí tí ilé wọn yàtọ̀ sí ti adìẹ yòókù. Ilé náà kì í ṣe ti amọ̀, kì í sì í ṣe ti pákó. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó rí roboto, ó gùn gbọọrọ bí àgbá epo tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Àgbébọ̀ ń yé sínú rẹ̀, òjò ọ̀pọ̀ ọdún pa á, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí, títí di nǹkan bí ọdún 1984 tí ìròyìn rẹ̀ dé etí àwọn kan ní Yorkshire, tí wọ́n ti ń wá ohun tí ó sọnù káàkiri, tí wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí yìí, ara Halifax ni.

Ẹni tí kò bá mọ Halifax yóò bèèrè pé kín ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ni, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, abìyẹ́ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí í fi òru bojú, arù-bọ́ǹbù bí aláàárù ti í ru ẹrù ọjà, tí ará Jámánì í gbọ́ ìró rẹ̀ lókè kí oorun ó dá lójú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Handley Page ni ó pète rẹ̀, 6,176 ni a sì kọ́ nínú rẹ̀ lápapọ̀. Ènìyàn méje ni í sábà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú òtútù tí í mú ọmọ ìka kú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wálé. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń fò lábẹ́ Bomber Command, ẹ̀ka ọmọ-ogun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jíju bọ́ǹbù láti òkè, 55,573 ni ogun Hitler gbé lọ. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó gùn ún. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò alálàyé láàárín wa, wà lára ẹgbẹ́ 76 ní Yorkshire, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà tí wọ́n ń pè ní DFC, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tìtorí rẹ̀ kọ orúkọ kan sí ara Halifax wọn, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè Jámánì, bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n ń kìlọ̀ fún: Ẹ ṣọ́ra! Ọmọba Dúdú.

Nígbà tí ogun parí, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ fi ojú kan àwọn Halifax. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí wọ́n sọ ní Ọjọ́ Ẹtì Kẹtàlá Oṣù. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ọjọ́ Ẹtì jẹ́, ọjọ́ tí nǹkan í máa ti ènìyàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìbẹ̀rù tiwọn, wọ́n gbà pé Ẹtì tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kò ní ire nínú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń gun Halifax yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ burúkú náà kọ ọ́ lára, gẹ́gẹ́ bí ìyá àbíkú ti í sọ ọmọ rẹ̀ ní Ààtàn kí ikú lè ṣá a tì, ikú sì ṣá a tì lóòótọ́, nítorí ìgbà 128 ni ọkọ̀ náà lọ sójú ogun tí ó sì bọ̀. Ní ọdún 1945 wọ́n gbé e kalẹ̀ sí òpópónà Oxford ní Lọ́ńdọ̀nù kí tọmọdé tàgbà lè wá wò ó. Nígbà tí wọ́n wò ó tẹ́rùn tán, wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀. Ohun tí ikú kò lè pa, ayùn pa á. Páànù imú rẹ̀, níbi tí a kun àmì ìrìn-àjò rẹ̀ gbogbo sí, ni ẹnì kan ní làákàyè láti bó pamọ́, òun ni ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ní Hendon dònìí. Èmi kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀ jù: ìlú tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́, tí a ṣì ń wọ̀n oúnjẹ fún àwọn ará rẹ̀, páànù ìkòkò ni yóò wá kí ó tó wá páànù ìrántí.

Bí ènìyàn kò ti tọ́jú Halifax, omi bá wọn tọ́jú ọ̀kan. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1942, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ W1048 lọ kọlu Tirpitz, baba ńlá ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì, níbi tí ó sá pamọ́ sí ní etíkun Norway. Ìbọn bà á, awakọ̀ rẹ̀ sì rọra gbé e sọ̀ sórí adágún Hoklingen tí omi rẹ̀ ti dì gbagidi. Àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, àwọn yòókù fi ẹsẹ̀ rìn já sí Sweden. Yìnyín yọ́, ọkọ̀ rì, ó sì wà nísàlẹ̀ títí di ọdún 1973 tí wọ́n fà á jáde. Hendon ni ó wà báyìí, kò sì sí ẹni tí ó kùn ún lọ́dà tuntun: bí páànù rẹ̀ ti ya, bí ìyẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Àwọn kan rí i, wọ́n ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Lójú tèmi, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó bá yọ àkísà W1048 kúrò, ìtàn ni ó bó lára rẹ̀.

Omi adágún ṣeé bá ṣọ̀rẹ́ nítorí pé kò ní iyọ̀. Ti òkun yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, wọ́n fa Dornier 17 kan, ọkọ̀ bọ́ǹbù àwọn Jámánì, jáde nínú òkun ní Goodwin Sands níbi tí ó já sí ní ọdún 1940. Iyọ̀ ti wọ páànù rẹ̀ lára bí ó ti í wọ ẹja gbígbẹ, ojú ọjọ́ tí ó sì bọ́ sí ni ìpẹtà tòótọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ bí wọ́n bá pàdé lára irú páànù bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ni wọ́n í sọ ọ́ dà. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà ní Cosford, wọ́n fi ọ̀rá bò ó bí ẹni kọ́ àgọ́ fún un, wọ́n sì ń fi omi tí a pò mọ́ ásíìdì wín-ín-wín-ín wọ́n ọn, irú ásíìdì tí ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe oṣù kan. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Àwọn ti Yorkshire kò ní sùúrù irú èyí, wọn kò sì lè ní in, nítorí àgékù ni wọ́n ní lọ́wọ́. Ìdodo ara tí wọ́n gbà lọ́wọ́ adìẹ kò ní ìyẹ́, kò ní imú. Wọ́n rántí pé Hastings, ọkọ̀ akẹ́rù tí ilé-iṣẹ́ Handley Page kan náà kọ́ lẹ́yìn ogun, ìyẹ́ Halifax ni wọ́n wò ṣe ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ìyẹ́ Hastings kan, wọ́n lò ó, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn rọ ọ̀pọ̀ nínú ìyókù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n tì í jáde sí gbangba ní pápá Elvington, pẹ̀lú orúkọ burúkú ọjọ́sí náà lára rẹ̀. Ṣé Halifax tòótọ́ ni? Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè jiyàn. Egúngún kì í torí pé a rán aṣọ rẹ̀ ní èṣí kí ó má jẹ́ ará ọ̀run.

Gbogbo ìwọ̀nyí, orí ìdúró ni wọ́n wà. Ìjà tí ó le jù láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí ni pé, ṣé kí èyí tí ó bá lè fò ó máa fò? Lancaster, àbúrò Halifax tí òkìkí rẹ̀ wá borí ti ẹ̀gbọ́n, 7,377 ni wọ́n kọ́ nínú rẹ̀. Méjì péré ni ó ti ń fò láyé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ọ̀kan ní Kánádà, èkejì, PA474, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Battle of Britain Memorial Flight ní Coningsby. Irin ìdábùú kan gba inú ìyẹ́ rẹ̀ já, bí ìtì igi ti í gba àjà ilé já. Ẹni tí ó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí ó fi já yóò mọ ohun tí fífò ń ṣe fún irin náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka wákàtí tí ó ń lò lókè bí ahun ti í ka owó, tí wọ́n sì pààrọ̀ irin náà nígbà òtútù 1995 sí 1996. Ẹ̀mí ènìyàn náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Hunter kan, ọkọ̀ ogun àtijọ́, já lu ojú títì níbi àfihàn ní Shoreham, ó pa ènìyàn mọ́kànlá. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì Merlin mẹ́rin ti Lancaster tí wọ́n ń kùn papọ̀ lókè orí rẹ̀ yóò mọ ìdí tí wọn kò fi lè jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó sì kù apá kan. Christopher Panton, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lincolnshire, bá Halifax lọ sí Nuremberg ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1944, kò sì padà. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, Fred àti Harold, dàgbà, wọ́n di àgbẹ̀ olósìn adìẹ, orí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí ogun fi sílẹ̀ ní East Kirkby ni wọ́n sì ti ń sìn ín. Ó wù wọ́n láti ní ohun ìrántí fún ẹ̀gbọ́n wọn. Halifax kò sí lọ́jà. Wọ́n ti gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Lancaster kan wà tí ó ti bá àwọn Faransé ṣiṣẹ́ dé erékùṣù Nouvelle-Calédonie, tí ó sì wá ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó Scampton bí olóńgbò tí a fi ṣọ́ ilé. Ní 1983 wọ́n fi owó adìẹ rà á. Kì í fò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá tan án, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ a dáhùn níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èéfín, koríko pápá náà a dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ a sì yí gbirigbiri lọ sí ìpẹ̀kun pápá, a tún padà wá sílé.