Bí Ẹ̀dà Àtijọ́ Ṣe Ń Di Ìtàn

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó bí àgbà, kò lè ní àkísà tó bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀dà iṣẹ́ kan ṣoṣo pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jántìrẹrẹ, tí ọ̀kan ń jẹ́ “ìwé-1”, tí èkejì ń jẹ́ “ìwé-tuntun”, tí ẹ̀kẹta ń jẹ́ “ìwé-àṣekágbá”, tí òun pàápàá kò sì mọ èyí tí ó ṣíwájú mọ́.

Git, irinṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, lè sín gbogbo wọn pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan: a ó to àwọn ẹ̀dà láti orí èyí tí ó pẹ́ jù lọ, a ó máa fi wọ́n sínú Git ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é gan-an sí i lára, kì í ṣe ọjọ́ òní.

Báyìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Diomidis Spinellis ti ilẹ̀ Gíríìsì ṣe kó àwọn ẹ̀dà Unix jọ, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ má ṣe da ẹ̀dà àtijọ́ nù.