Ẹ̀KỌ́ ÌWÉ KÍKỌ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA: KÍ NI ÈRÈ RẸ̀?

Ọ̀ràn tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí òbí ní Adégbayì àti ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká lè béèrè nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga: “Ọmọ yìí ti mọ ìwé kọ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èéṣe tí a tún ń san owó kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ìwé kíkọ?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun méjì ni a ń fi orúkọ kan pè. Ẹni tí ó lè to lẹ́tà sórí tákàdá ni a ń pè ní ẹni tí ó mọ ìwé kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí yóò sì yé onítọ̀hún láìsí olùtúmọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ó mọ̀. Nígbà tí a bá ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, ojú olùgbọ́ ni a fi ń mọ̀ bí kò bá yé e, a ó sì tún un sọ. Ìwé kò ní ojú tí ó lè fi wo ẹni tí ń kà á. Gbogbo ohun tí olùkàwé ìbá béèrè ni akọ̀wé ní láti rò tẹ́lẹ̀. Èyí ni a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni èyí láàrín wa. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró ní ọdún 1827, Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875 sì ni ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew’s fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896. Níbẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti kẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1938.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí pín sí.

Èkíní ni ìwé àtinúdá, èyíinì ni ìtàn, ewì àti eré. Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ti ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ irú èyí láti ọdún 1936. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ìtàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a kà á, wọn a sì sọ ibi tí ọkàn wọn ti kúrò nínú rẹ̀ àti ibi tí wọn kò ti gbàgbọ́. Olùkọ́ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn. Ohun tí ó lè ṣe ni láti fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ náà ti ya.

Bí olùkọ́ kò bá lè tọ́ka síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà di asán. Chinua Achebe, tí ó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1948, sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìtàn kúkúrú kan fún ìdíje, wọ́n sì sọ fún un pé ìtàn náà kò ní ìgbékalẹ̀ tí ó yẹ. Ó tọ olùkọ́ náà lọ kí ó lè mọ ohun tí à ń pè ní ìgbékalẹ̀. Olùkọ́ náà sún ọ̀rọ̀ síwájú. Nígbà tí ó ṣe, ó ní òun ti tún ìtàn náà kà, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Amos Tutùọlá ńkọ́, tí kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí ẹlẹ́mu ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952?” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1983, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tipẹ́, òun náà lọ bá àwọn òǹkọ̀wé láti ilẹ̀ púpọ̀ pàdé ní Iowa. Ẹ̀bùn kì í kọ ẹgbẹ́.

Èkejì ni ìwé ìlànà iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1862 ran ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ wọ̀nyí ti ń gbòòrò, a rí i pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè má mọ bí a ti ń ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1911 Samuel Chandler Earle tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, láti 1973 ni a ti ní ètò tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n ní láti kọ ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti inú oko kòkó. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ìgò òògùn kan pé: “Ẹ po òògùn yìí bí ó ti tọ́, kí ẹ sì ṣọ́ra.” Èwo ni “bí ó ti tọ́”? Ṣé ìdérí ìgò ni a ó fi wọ̀n ọ́n, tàbí agolo? Omi mélòó? Ọjọ́ mélòó ni a ó dúró kí a tó ká kòkó? Ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí yóò dáhùn gbogbo rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Yóò sì fi ìkìlọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni a kọ “Ẹ fi aṣọ bo imú” sí, ẹni tí ń kà á bí ó ti ń ṣiṣẹ́ yóò ti fa òògùn símú kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí.

Ẹ̀kẹta ni ìwé iṣẹ́ ọ́fíìsì: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìròyìn àti àdéhùn. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí a ń béèrè ni kí ó ṣáájú nínú lẹ́tà. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí a kọ ohun tí a pinnu, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí. Ní agbègbè wa, níbi tí oko ti ń di ilé, ẹ wo ìwé ilẹ̀ tí ó wí pé, “láti ìdí ìrókò títí dé ojú odò.” Bí a bá gé ìrókò náà, tí àwọn tí ó ṣe ẹlẹ́rìí sì ti kú, kí ni ọmọ yóò fi hàn ní kóòtù? Nítorí náà ni a ṣe ń wọn ilẹ̀, tí a ń ri òpó sọ́fè, tí a sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà. Yunifásítì wa ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ púpọ̀ jù nínú ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta, nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni àgbẹ̀ tí ó ni kòkó ń kà. Ọmọ lè kọ ìròyìn tí olùkọ́ rẹ̀ yóò yìn, kí bàbá rẹ̀ má sì rí ìlà kan tí yóò ràn án lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Akọ̀wé tí ó gbàgbé olùkàwé ti gbàgbé olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ka ẹ̀kọ́ yìí sí ìnáwó asán. Bí ọmọ bá dé fún ìsinmi, ẹ gbé ìwé òògùn oko fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ó mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ kí ó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ, kí a sì kà á sókè fún ẹni tí kò wá. Bí onítọ̀hún bá mọ ohun tí a pinnu, tí kò sì ní ìbéèrè kankan, ọmọ náà ti mọ ìwé kọ.