Ìlú àti Abà: Ìgbésí-Ayé Ará Oko ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtijọ́

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gun òkè Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn yóò bá ara rẹ̀ láàárín igi ńláńlá àti àwọn ilé tí àgbàlá wọn gbòòrò. Ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn kọ́ ilé sí fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kúrò, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gba ipò wọn ni ó kó sínú àwọn ilé náà. Òkè yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó àti igi, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1954, fi ṣe ibùjókòó. Kò burú bí a bá sọ pé Jẹ́ríkò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìjọba jókòó sí tí ó ti ń wo oko lókèèrè.

Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ dáhùn. Èkínní: báwo ni ará oko ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn? Èkejì: kí ni ìjọba kò rí nínú ìgbésí-ayé náà, tí ọ̀rọ̀ owó-orí fi di ìjà àjàkú-akátá ní 1968 àti 1969?

Ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kárùn-ún, 1967, ìjọba Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ẹkùn Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn ti yapa kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti 1963. Ní 1967 yìí, a tún gba Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Bàdágìrì fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Robert Adéyínká Adébáyọ̀ ni gómìnà ológun rẹ̀ títí di 1971, kí Olúwọlé Rótìmí tó gba ipò náà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976, a pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọ̀ṣun jáde láti ara Ọ̀yọ́ ní 1991, Èkìtì sì jáde láti ara Oǹdó ní 1996.

Lóòótọ́ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ìjọ wà ní Àrògbò lẹ́bàá omi. Ègùn wà ní apá Ìpókíá. Àwọn Fúlàní ń da màlúù káàkiri Òkè-Ògùn. Àwọn Ìgbìrà ń ṣiṣẹ́ oko ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Àkókó. Àwọn Ùròbò sì ń kọ ẹyìn, wọ́n ń fún epo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láàárín Yorùbá fúnra wọn, iṣẹ́ kò dọ́gba. Ẹja ni ti Ìlàjẹ. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti tábà ni ti Ìsẹ́yìn àti ìlú ọ̀dàn gbogbo. Obì ni a fi mọ Rẹ́mọ. Ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, kòkó ni ọba.

Ilé ní ìlú, iṣẹ́ ní abà

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣòro fún àlejò láti lóye nípa àwa Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ará ìlú yàtọ̀ sí ará oko: ẹni tí ó ń ṣe àgbẹ̀ ń gbé abúlé, ẹni tí ó ń gbé ìlú ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní Ìbàdàn, ẹnì kan náà ni ó ń jẹ́ méjèèjì. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ìdílé olóyè ti ní ilé nínú ìlú, tí wọ́n sì ní ilẹ̀ oko lẹ́yìn odi. Lórí ilẹ̀ yìí ni abà ti hù. Baálẹ̀ ni ó ń ṣe àkóso abà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mọ́gàjí agbo-ilé nínú ìlú ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá.

Àgbẹ̀ lè lo oṣù púpọ̀ ní abà, síbẹ̀ bí a bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, agbo-ilé rẹ̀ ní ìlú ni yóò dárúkọ. Ìlú ni ó ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni ó ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ sì ni a sábà máa ń gbé òkú rẹ̀ lọ sin bí ó bá kú sí oko. Ìyàwó rẹ̀ ni okùn tí ó so ibi méjèèjì pọ̀: òun ni ó ń ru oúnjẹ oko lọ sí ọjà ọrọọrún, òun náà ni ó ń ra iyọ̀, aṣọ àti epo òyìnbó bọ̀.

Owó kòkó

Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì sọ kòkó di ohun tí a lè kó lọ sí etíkun láìṣòro. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tí ó gbìn ín yóò dúró ní ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so, yóò sì máa ro oko ní gbogbo àkókò náà. Bí ó bá gbó, a ó já a, a ó là á, a ó kó o pamọ́ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́fà, a ó sì sá a sí oòrùn. Tẹbí-tará ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àgbẹ̀ kò lè fúnra rẹ̀ dá iye lé ohun tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ gbìn. Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí títa irè oko, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ fún kòkó ní 1947, ni ó ń dá iye náà. Bí ọjà àgbáyé bá wọ́n, kì í ṣe gbogbo èrè náà ni ó ń dé abà. Apá kan nínú owó yìí ni a fi ṣe nǹkan ńláńlá: ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí a parí ní 1965. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nítorí ọmọ àgbẹ̀ jàǹfààní rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé kò sí lóko mọ́, bàbá rẹ̀ sì ní láti san owó fún alágbàṣe.

Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà

Báyìí ni nǹkan ṣe rí nígbà tí ogun abẹ́lé ń gbówó lọ, tí owó-orí àti àwọn owó mìíràn tí a dì mọ́ ọn fi di pọ́n-ùn 6 lọ́dún. Àwọn àgbẹ̀ ní ọgbọ̀n ṣílè ni agbára àwọn ká. Kì í ṣe iye owó nìkan ni ó dùn wọ́n. Wọn kò rí ọ̀nà tí ó dára, wọn kò rí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí akódà tí ń lé wọn kiri nítorí owó-orí, wọ́n sì ń rí wolé-wolé tí ń fìyà jẹ wọ́n.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, 1968, wọ́n ya lọ sí Mápó. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá jẹ́ alága rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Ní oṣù Keje 1969, a pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé, nínú rògbòdìyàn náà. Ìwà yìí burú, kò sì yẹ kí a fi ìyà tí ó jẹ àgbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú wọn, ní Àkànrán. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba sọ owó-orí di pọ́n-ùn 2, tí àlàáfíà sì padà.

Àsọkágbá

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé láti Jẹ́ríkò dé Àkànrán kò tó ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Kì í ṣe jíjìnnà ọ̀nà ni ó fa ìjà náà. Ohun tí ó fà á ni pé ìjọba ka ìlú sí ibi tí a ti ń náwó, ó ka abà sí ibi tí a ti ń gbà á, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni méjèèjì. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Ẹni tí wọ́n lé wọ inú igbó ní abà, àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ sì lè jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba.

Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn: 5 fún àárín ìlú, 6 fún ìgbèríko. Àkànrán sì ti di olú ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá a ti kọ́gbọ́n, kí ó wo ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń gbà gbé ẹrù rẹ̀ wá sí ọjà, kí ó sì bi í léèrè ohun tí ó rí gbà padà nínú owó tí ó san.