Kọ̀ǹpútà Kékeré fún Ilé tí Ọmọ Wà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, ohun èlò tí ó bá wọ́n ni a máa ń fi aṣọ bò. Rédíò àwọn bàbá wa wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó; nígbà tí tẹlifíṣọ̀n sì dé, a wá aṣọ funfun kan tẹ́ sí i lórí. Bákan náà ni a ń ṣe sí kọ̀ǹpútà. Bàbá ni ó rà á, bàbá ni ó ń lò ó, ọmọ tí ó bá sì fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ, ìbáwí ni yóò gbà. A kò dá àwọn òbí lẹ́bi, nítorí owó tí a fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ohun tí a kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kó ìrònú bá àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 2006. Ọ̀gbẹ́ni Eben Upton wà lára wọn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé iye àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dínkù, àti pé àwọn tí ó ń wá pàápàá kò mọ tó àwọn tí ó ti ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé kì í ṣe pé ọpọlọ àwọn ọmọ ti kú. Ní nǹkan bí ọdún 1981, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bíi BBC Micro àti Sinclair ZX81 wà nínú ilé àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ZX81 pọ̀ yóò rà á ní pọ́n-ùn 49.95, ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí a ti tò tán yóò san pọ́n-ùn 69.95. Bí a bá sì tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò dákẹ́ tí yóò máa retí àṣẹ tí ọmọ yóò kọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ eré tí kò ṣeé tú dé, tí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo iṣẹ́ ilé wà nínú rẹ̀ sì dé pẹ̀lú, ọwọ́ ọmọ sì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Raspberry Pi Foundation; orúkọ èso pupa kan tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ Òyìnbó ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn jáde fún títà ní dọ́là 35. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 85, ìbú rẹ̀ jẹ́ 56, èyí tí kò ju káàdì tí a fi ń gba owó ní báńkì lọ púpọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 45 péré. Àwọn tí ó fẹ́ rà á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi ìtajà àwọn oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n tún ṣe èyí tí a ń pè ní Zero, ní dọ́là 5, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé ìròyìn wọn, The MagPi, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ra ìwé ti ra kọ̀ǹpútà. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé ìròyìn kò tíì rí ẹ̀bùn tí ó tó bẹ́ẹ̀ rí! Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi ẹ̀rọ Raspberry Pi méjì ránṣẹ́ sí ibùdó tí ń yí ayé po lójú òfuurufú, pẹ̀lú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú wọn.

Ohun tí ó mú ẹ̀rọ náà yẹ ọmọdé jù lọ ni pé kò sí ibi ìpamọ́ kankan nínú ẹ̀yà ti a kọ́kọ́ ń fún ọmọ. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ wà nínú káàdì kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ọmọ bá pa ohun tí kò yẹ kí ó pa rẹ́, a ó yọ káàdì náà, a ó fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, a ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò tí a fi ń ṣe é. Kí ìrẹsì tó jinná lórí iná, ẹ̀rọ náà ti dà bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án rí. Àmọ́ ṣá o, omi lè pa á, wáyà tí a sì kì bọ ibi tí kò yẹ lè pa á pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa owó rẹ̀. Àwọn iye tí a kọ sókè yìí jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọ̀nyí jáde. Owó ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gòkè. Yàtọ̀ sí èyí, ìhòòhò ni ẹ̀rọ náà ń wá. Ẹni tí ó rà á yóò tún wá káàdì, ṣájà, kíbọ́ọ̀dù àti máùsì. Tẹlifíṣọ̀n ilé lè ṣe ojú fún un, ṣùgbọ́n ihò tí ó wà lára oríṣi kẹrin àti ìkarùn-ún kéré ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ, nítorí náà kí a béèrè wáyà tí ó bá a mu kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù kò lágbára tó fún un: bí àmì mànàmáná bá ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ kò tó ẹ̀rọ náà nìyẹn. Fún ilé tí ọmọ kékeré pọ̀ sí, àwa fara mọ́ èyí tí ó jáde ní ọdún 2020, tí a ń pè ní Raspberry Pi 400, nítorí inú kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ọ̀ràn iná ńkọ́? Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú káàdì, káàdì náà lè bàjẹ́. Zero kì í jẹ iná púpọ̀, pawa báǹkì fóònù lè gbé e fún wákàtí púpọ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń wò ó kò ní bá a tàn. Nítorí náà, òbí tí ó jẹ́ pé lẹ́tà àti iṣẹ́ ilé-ìwé nìkan ni ó fẹ́ kí ọmọ máa tẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkúnbọ̀ ni kí ó rà, nítorí ojú àti bátìrì wà lára rẹ̀. Ọmọ tí ń tú rédíò wò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé ni ẹ̀rọ kékeré yìí wà fún.

Ilé-ìwé àti ìjọ pẹ̀lú lè lò ó. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi Kolibri àti Kiwix wà, tí a lè fi kó ẹ̀kọ́ àti odindi Wikipedia sínú rẹ̀, kí àwọn tí ó jókòó yí i ká sì máa fi fóònù wọn kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, káàdì méjì ni kí ẹ rà. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ, kí èkejì jẹ́ ti iṣẹ́ ilé, kí a sì kọ orúkọ sára àpò wọn. Nígbà tí bàbá bá fẹ́ kọ ìṣirò owó rẹ̀, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó yọ káàdì ọmọ, kí ó fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ó bá sì parí, kí ó dá ti ọmọ padà sí àyè rẹ̀, kí ó fi tirẹ̀ sínú àpótí.