Ṣé O Mọ̀? Ogun Abẹ́òkúta Lórí Tábìlì

Ṣé o mọ̀ pé ogun kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kì í ta sílẹ̀ níbẹ̀? Orí tábìlì ni wọ́n ti ń jà á. Ọmọ ogun ibẹ̀ lè má ga ju mìlímítà 6 lọ, dáìsì ló sì ń sọ ẹni tó ṣubú. Bí ogun Ẹ̀gbá bá wù ọ́ láti jà, ilẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé eré yìí ti pẹ́? Ní 1812, Baron von Reisswitz ṣe tábìlì ogun fún ọba Prussia. Ègé ilẹ̀ onígun mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n lè tú tò bó ṣe wù wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ìjọba Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851? Nítorí náà, jẹ́ kí odò Ògùn orí tábìlì rẹ fà, kí òkúta yọ láàárín rẹ̀, kí koríko sì gbẹ. Fánííṣì díẹ̀ lórí ọ̀dà yóò mú kí omi dán.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n júwe fún Dàhómì ló kó bá a? Àwọn ará Ìṣàgà ló ní kí wọ́n gba ẹnubodè Àró, lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi mọ. Dàhómì padà wá gbẹ̀san lára Ìṣàgà ní 1862.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin wà lára àwọn ọmọ ogun Dàhómì tó ń gun odi náà? Má ṣe to ọkùnrin nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1864, Dàhómì tún padà wá, Ẹ̀gbá sì tún lé wọn.

Ṣé o mọ̀ pé yàrà ló máa ń wà lẹ́yìn odi? A kò lè gbẹ́ tábìlì, nítorí náà gbé ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì sókè díẹ̀, àárín yóò di yàrà. Páálí ni kí o fi ṣe odi, kí o fi gọ́ọ̀mù káfíńtà pa á, kí o wá ku ilẹ̀ pupa tí o ti jọ̀ sí i lára.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 kò ju mìlímítà 3 lọ púpọ̀ bí a bá dín in kù ní ìlọ́po 300, bíi ti ọmọ ogun mìlímítà 6 yẹn? Kò ní gba ọmọ ogun rẹ, nítorí náà fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dára ju páálí lọ fún ọ̀nà, torí pé ó máa ń tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Jẹ́ kí etí gbogbo ègé rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, kí wọ́n lè so pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé mítà 137 tí wọ́n ń sọ nípa gíga òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, láti ìtẹ́jú òkun ni? Ìlú fúnra rẹ̀ ti ga ju òkun lọ. Èyí tó yọ lókè ìlú nìkan ni kí o fi fóòmù gbẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé páànù tó dípẹtà kò bá 1851 mu? Ewéko ni wọ́n fi bo ilé nígbà náà.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ogun Àdùbí, ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè? Bí ìyẹn bá wù ọ́, irin méjèèjì fi mítà 1.067 jìnnà síra, ìyẹn bíi mìlímítà 3.5 lórí tábìlì rẹ.

Má tíì ju dáìsì o. Àró ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ṣe ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa yóò mọ ìdí tí Dàhómì fi pa dà lọ́wọ́ òfo.