Ààwẹ̀ àti Ẹni Tí Ń Wakọ̀: Láti Òfuurufú Dé Ojú Ọ̀nà Ìfọ́n

Ààwẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìfọ́n àti Ìlobùú. Mùsùlùmí ń gbà á, Kìrìsìtẹ́nì náà ń gbà á, ara tí ó le sì ń fara dà á. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gba àkíyèsí. Awakọ̀ òfuurufú ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lára tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù.

Bí bàálù bá ń yí láìsọ̀kalẹ̀, tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 60, ìwúwo ara ẹni tí ń wà á yóò di ìlọ́po 2. Ẹni tí ó wọn kílò 50 yóò dà bí ẹni tí a gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì kan lé. Ti bàálù ogun lè tó ìlọ́po 9. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ kúrò ní orí lọ sí ẹsẹ̀. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń fi í hàn: àwọ̀ nǹkan yóò ṣá, ẹ̀gbẹ́ ojú yóò ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ni iyè yóò ra. Ara a máa bá a jà nípa fífún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ àti mímú kí ọkàn yára lù, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tó. Omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò fi omi kan ẹnu láti ìdájí, tí ó ti làágùn, agbára ìfaradà rẹ̀ ti dín kù kí ó tó gbéra. Nínú bàálù elérò, yíyí kì í le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ púpọ̀.

Lóòótọ́, Ìfọ́n kò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọlọ́kadà tí ń gbé èrò lọ sí Òṣogbo ní agogo 3 ọ̀sán, nínú ooru oṣù kẹta, bí ti Rámádánì ọdún 2025. Ìwúwo ara tirẹ̀ kò di ìlọ́po, ṣùgbọ́n òǹgbẹ kan náà ni, àìsùn tó nítorí sààrì kan náà sì ni. Ó lè má mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ń lọ́ra láti fún bíréèkì.

Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì, ẹ má ṣe dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ ní sààrì a máa fa òǹgbẹ. Ẹ fi ìrìn àjò tí ó jìn sí òwúrọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí ojú ń ṣú, ẹ dúró, ẹ mu omi, ẹ jẹun.

Àlùkùránì, Súrà 2, ẹsẹ 184 àti 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti san ààwẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Bóyá ọ̀nà kúkúrú náà jẹ́ ìrìn àjò, àfáà ni kí ẹ bi. Ẹ̀yin ará ilé, bí bàbá yín tí ń wakọ̀ bá sún ti ọjọ́ kan síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti awakọ̀ tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó rí dókítà kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Òmíràn nínú oògùn wọ̀nyí lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì bí kò bá jẹun, kí ó sì dákú sórí ọkọ̀.