Ta Ni Yóò Ru Àdánù? Ojú Tí Ìsìláàmù Fi Ń Wo Owó

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja pípa ṣiṣẹ́ ṣe ní Ẹ̀pẹ́ yóò ti náwó gan-an kí ẹja kan ṣoṣo tó wọ inú àwọ̀n rẹ̀. Yóò ra ọkọ̀, yóò ra àwọ̀n, yóò ra ẹ́ńjìnnì tí yóò máa gbé e kiri orí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í yéé ra epo bẹntiróò. Ní Ìkòròdú, ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ yóò máa ra oúnjẹ ẹja fún oṣù mélòó kan kó tó rí ohun gbé lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ibi mẹ́ta ni wọ́n sì ti lè rí i. Wọ́n lè yá a lọ́wọ́ oníṣòwò ẹja, kí ó di dandan pé òun nìkan ni wọ́n á máa ta ẹja fún. Wọ́n lè lọ bá àwọn ayánilówó tí aráàlú ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, kí wọ́n máa san owó náà tèlé-tèlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tàbí kí wọ́n rí olówó kan tí yóò sọ pé, “Ìwọ mú agbára wá, èmi á mú owó wá, ohun tí a bá rí níbẹ̀ la ó jọ pín.” Nígbà tí ọjà bá ń tà, èèyàn lè má rí ìyàtọ̀ nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí àwọ̀n bá jáde lófo ni ìyàtọ̀ á hàn, torí ọjọ́ náà la máa mọ ẹni tí àdánù já lé léjìká.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé Ìsìláàmù kò ju pé ó ka owó èlé léèwọ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ yẹn kò dá dúró. Ìbéèrè kan ló ṣáájú rẹ̀: ta ló ni owó? Àlùkùráánì, nínú Súrà 57, ẹsẹ 7, ka ọmọ ènìyàn sí alábòójútó tí Ọlọ́run fi ohun ìní ṣọ́. Súrà 59, ẹsẹ 7, kò fẹ́ kí ọrọ̀ di ohun tí àwọn olówó nìkan á máa gbà láàárín ara wọn. Súrà 2, ẹsẹ 275, fi òwò sílẹ̀ ní hàláàlì, ó sì sọ ribá, ìyẹn owó èlé, di hàráàmù. Bí a bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á yé wa pé àmánà ni owó, pé ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá fara mọ́ ewu òwò kò lè bá wọn pín èrè rẹ̀. Sàká, ọrẹ ọ̀ranyàn fún aláìní, fi èyí hàn kedere. Owó tó bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ìdá 2.5 nínú 100 ni yóò yọ. Irè oko tí òjò bomi rin, ìdá 10 nínú 100. Èyí tí àgbẹ̀ fi wàhálà ara rẹ̀ fa omi sí, ìdá 5 péré. Ibi tí ọwọ́ Ọlọ́run ti pọ̀ ju ọwọ́ ènìyàn lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ aláìní ti pọ̀ jù.

Ètò ọrọ̀ ajé tí kò fi ti ẹ̀sìn ṣe gba ọ̀nà mìíràn wá. Adam Smith, ọmọ Scotland, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1776 pé bí oníkálukú bá ń wá èrè tirẹ̀, ọjà á sọ ìmọ-tara-ẹni-nìkan yẹn di àǹfààní fún gbogbo ìlú. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá yọ ìbéèrè rere àti búburú kúrò nínú ìṣirò díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ohun tí èèyàn fẹ́ àti iye tó lè san; bóyá ó yẹ kó fẹ́ ẹ, ìyẹn kò kàn wọ́n. Ẹni tó lowó ló lowó rẹ̀, èlé sì jẹ́ iye tí wọ́n ń san fún àkókò, nítorí pé náírà tó wà lọ́wọ́ lónìí sàn ju èyí tí wọ́n ṣèlérí fún ọ̀la lọ. Èrò yìí kì í ṣe èrò òǹrorò. Òun ló kọ́ báńkì ńláńlá, òun ló kọ́ ayé láti máa fi nǹkan wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí ayé ṣe wà látijọ́ nìyẹn. Smith fúnra rẹ̀ fara mọ́ kí òfin fi gbèdéke lé èlé. Májẹ̀mú Láéláé ní kí ọmọ Ísírẹ́lì má gba èlé lọ́wọ́ arákùnrin rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sì ni Ìjọ Kátólíìkì fi kà á léèwọ̀. Àwọn baba tiwa náà mọ oró rẹ̀: wọ́n mọ owó sogún-dogójì, wọ́n sì mọ ìwọ̀fà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè rẹ̀.

Òfin òwò Ìsìláàmù kò jìnnà sí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ rárá. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí àwọn àgbà onímọ̀ fi ń kọ́ni látayébáyé ni pé ẹja tó ṣì wà nínú omi kò ṣeé tà. Olùtà kò mọ iye tó máa mú, olùrà kò mọ ohun tó sanwó fún, ọ̀kan nínú wọn á sì rẹ́ èkejì jẹ dandan. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fàyè gba kéèyàn sanwó ọjà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní salam, bí wọ́n bá ti sọ irú ọjà náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: Ìmọ́tà lẹ́bàá Ìkòròdú ni ìjọba Èkó kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní January 2023 sí, tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ìrẹsì ní wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó máa retí ìrẹsì, àgbẹ̀ náà kò sì lè gbìn láìsí owó. Bí ilé iṣẹ́ bá sanwó sílẹ̀ fún ìwọ̀n kan pàtó, àgbẹ̀ rí owó oko, ilé iṣẹ́ rí ìrẹsì, kò sì sẹ́ni tó yá ẹnì kan lówó èlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnnì apẹja ṣe ìṣirò. Ká ní 1,000,000 náírà ni. Bó bá yá a pẹ̀lú èlé ìdá 30 nínú 100, 1,300,000 ló máa san, ẹja ìbáà wọlé tàbí kó má wọlé. Bó bá jẹ́ mudaraba ni, ìyẹn àjọpín láàárín ẹni tó mú agbára wá àti ẹni tó mú owó wá, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ìdá 60 fún apẹja àti 40 fún olówó, tí èrè sáà náà jẹ́ 500,000, apẹja mú 300,000, olówó mú 200,000. Bí ẹja bá kọ̀ tí kò wọlé, tí kì í sì í ṣe àìbìkítà apẹja ló fà á, owó olówó ló lọ, làálàá apẹja ló ṣòfò. Nítorí náà, olówó yìí kò ní í wulẹ̀ bèèrè onídùúró. Ó ní láti mọ bí ọ̀sà ṣe rí, bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára sí, àti irú ẹni tí apẹja jẹ́.

Alátakò á ní èyí dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n báńkì tí kò gba èlé kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ wa, báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2012, TAJBank tẹ̀ lé e ní 2019, Lotus dé ní 2021, ohun tó sì wọ́pọ̀ jù nínú irú báńkì wọ̀nyí káàkiri ayé ni murabaha: báńkì á ra ẹ́ńjìnnì náà, á tà á fún apẹja ní 1,250,000, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé èlé tó wọ jalamíà kọ́ nìyẹn? Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ apẹja, báńkì ni yóò ru àdánù rẹ̀. Bí apẹja bá sì pẹ́ kó tó san án, 1,250,000 kò ní í di 1,400,000; bí owó ìtanràn bá wà, sàráà ló ń bá lọ, kì í wọ àpò báńkì. Ṣùgbọ́n báńkì tó bá kàn fi ìwé ra ọjà, tí kò fìgbà kan gbé ewu rẹ̀ rí, alátakò jàre rẹ̀. Ohun tó ń lé àwọn báńkì sá fún àjọpín ni pé ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò lè fi èrè pamọ́. Súrà 2, ẹsẹ 282, ti pàṣẹ kí wọ́n máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Àìkọ-nǹkan-sílẹ̀ wa ló dá wa dúró.

Àtakò tó tún le jù ni ti ọ̀wọ́n gógó. Ní December 2024, àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́n gógó ọjà nílẹ̀ wa ti dé ìdá 34.80 nínú 100. Ẹni tó yáni ní 100,000 náírà lọ́dún náà, tó gba 100,000 padà lọ́dún kejì, kò lè fi ra ohun tó ń fi rà tẹ́lẹ̀. Àbí ìdájọ́ òdodo nìyẹn? Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání ni pé Ìsìláàmù kò fi owó yíyá ṣe ọ̀nà ìṣòwò. Ìrànlọ́wọ́ ni, ẹni tó bá ṣe é sì mọ̀ pé òun ń fún ẹnì kejì ní nǹkan. Ẹni tó ń wá èrè, kó gbé owó rẹ̀ wọ inú òwò, níbi tí iye ọjà ti ń gòkè bí owó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Sàká pẹ̀lú ń lé owó síbẹ̀, torí pé owó tó bá sùn ń dínkù lọ́dọọdún.

Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi, gbé ìlànà báńkì aláìgbèlé jáde ní 2011, CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, fárígá pé ọgbọ́n àtisọ Nàìjíríà di ti Mùsùlùmí ni. Ìbẹ̀rù yẹn yé èèyàn ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀sìn ti dá ìjà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e ṣeé wò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi sukuk, ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé, gbé bílíọ̀nù 10 náírà jáde ní 2013 láti kọ́ ilé ìwé. Ìjọba àpapọ̀ fi tirẹ̀ kó bílíọ̀nù 100 jọ ní 2017 fún ọ̀nà 25, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀sìn awakọ̀ lórí wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe ilẹ̀ Mùsùlùmí, fi sukuk gba 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní 2014.

Ó ku àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l’Ékòó ní ìparí 1851, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló bá a wá sí Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀ nínú àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti September 1854, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní láti mú un ṣèlérí pé òun á jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Orúkọ ẹ̀sìn nìkan kì í fọ òwò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lónìí, olówó tó ń kírun márààrún láìyọ sàká kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbà pé òun nìkan ló ni owó òun.

Ìdí rèé tí mo fi sọ pé kì í ṣe orúkọ ló yẹ ká máa wò. Ayé tí kò fi ti ẹ̀sìn ṣe náà mọ àjọpín ewu dáadáa. Àwọn tó ń fowó sí iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀dọ́ ní Yábàá ń gba ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà; bó bá wó, wọn kì í lé ọmọ náà kiri fún gbèsè. Àwọn tó kàwé, tí àlá wọn tóbi, ni wọ́n ń ṣe é fún. Apẹja àti ẹni tó ń sin ẹja, èlé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ní kó wà fún wọn. Ìsìláàmù yí i padà: ó fẹ́ kí àjọpín ewu jẹ́ òfin fún gbogbo òwò, kékeré àti ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá báńkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ń ṣe ti Ìsìláàmù lóòótọ́, kó má wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n ti fìgbà kan pàdánù rí pẹ̀lú oníbàárà wọn.